Ọjọ́ Mẹ́jọ Òní

Àná ni wọ́n ti fáìlì náà pa. Ohun tí Adékúnlé sọ fún Nusaybah lórí fóònù nìyẹn, ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, bí ọmọbìnrin náà ṣe ń rìn lọ lójú Old Kent Road sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Àpò kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, gbogbo ìwé tí wọ́n ń béèrè ló sì pé sínú àpò náà.

“Àná kẹ̀?” Nusaybah dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. “Òní ni. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fún mi.”

Adékúnlé ní rárá, ọjọ́ méje ni. Òun fúnra òun lòun pè ní Àlàmísì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí òun tó lọ fún ìsinmi, ìyá Nusaybah ló gbé fóònù, òun sì sọ ọ́ kó yé ìyá náà dáadáa: seven days. Adékúnlé ni òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bá a wá iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá tó gbọ́ kò ju orúkọ ara rẹ̀ àti “ẹ káàárọ̀” lọ. Kì í ṣe ẹni burúkú. Ó ní ó dun òun gan-an.

Ọkùnrin kan tó di rọ́bà mú fọ́n omi sára ọkọ̀ takisí kan, díẹ̀ nínú omi náà sì ta sí bàtà Nusaybah. Kò yẹra. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti fi ń ka ọjọ́ náà lórí ìka, lórí bọ́ọ̀sì, lẹ́yìn ìrun, lórí ibùsùn. Láti ọjọ́rú ni ìwé tó kẹ́yìn ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó rọra ń ṣe nǹkan rẹ̀ ni, ó ń tún orúkọ wò, ó ń tún ọjọ́ orí wò, nítorí ó dá a lójú pé àyè ṣì wà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ran àwọn tí àìsàn tàbí ìjàǹbá ti gba agbára lára wọn lọ́wọ́, kí wọ́n lè tún mọ bí wọ́n ṣe máa dá wẹ̀, dá wọṣọ, dá bu oúnjẹ sẹ́nu. OT assistant ni wọ́n ń pè é. Peckham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Làtíìfù, ní Amẹ́ríkà ló ti kọ́ ọ, tó ti ṣe ìdánwò. Ó sì yan irú èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó sójú kan: oṣù mélòó kan ní ìlú yìí, oṣù mélòó kan ní ìlú mìíràn, àpótí kan, mọ́tò kan. Ohun tó le nínú ẹ̀ ni láísẹ́ǹsì. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, èyí tó o gbà níhìn-ín lè má wúlò fún ẹ rárá lọ́hùn-ún. Èyí tó o bá sì ti rí gbà, bí ọmọ ọwọ́ ló rí: o ò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀. Wọ́n á béèrè ẹ̀kọ́ tuntun, wọ́n á béèrè ìtẹ̀ka, wọ́n á ní kí ọ̀gá tó o bá ṣiṣẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn wá jẹ́rìí pé ìwọ lò ń jẹ́ ìwọ.

Lọ́dún tó kọjá, sítírókù kọlu ìyá rẹ̀, Hàlímọ̀tù. Nusaybah wá sílé láti bá a gbé fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ náà sì di ọjọ́ pípẹ́. Ó ń ṣe shift ìtọ́jú nílé àwọn aláìsàn ní Stockwell. Ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́ tó ní yóò kú lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò bá padà sẹ́nu iṣẹ́ náà láìpẹ́, ìdí nìyẹn tí Adékúnlé fi bá a wá ibi tuntun kan, ní ìpínlẹ̀ tí Nusaybah kò dé rí. Láísẹ́ǹsì ti ìpínlẹ̀ yẹn ni fáìlì tí wọ́n ti pa wà fún. Nígbà tó fi àwòrán ibẹ̀ han ìyá rẹ̀ lórí fóònù, tí àgbàdo tẹ́ lọ tí kò lópin, ìyá rẹ̀ ní, “Ìlú Alágbàdo nìyí o,” orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Nusaybah ti rí ara rẹ̀ níbẹ̀ kó tó débẹ̀. Ó ti rí ojú ọ̀nà tó gùn tó sì dákẹ́, tí mọ́tò kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, mọ́tò tirẹ̀. Ó ti rí bàbá arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé onípákó, tó ń retí rẹ̀ láti wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan de bọ́tìnì.

“Ṣé kò sí ọ̀nà kankan mọ́?” ló béèrè.

Adékúnlé ní ọ̀nà kan wà. Àwọn tó ń fún ni ní láísẹ́ǹsì lè tún fáìlì ṣí tí ìdí bá lágbára. Bí kò bá lágbára, àfi kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ibi iṣẹ́ náà á sì mú ẹlòmíràn. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní: Ṣé kì í ṣe ìyá rẹ tó ní sítírókù ló gba iṣẹ́ tí mo rán? Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, pé ìdí nìyẹn tó fi ṣì ọ́ lọ́nà. Kí dókítà fọwọ́ sí i. Tó bá dé ọwọ́ mi ní Mọ́ńdè, wọ́n á ṣí i.

Nusaybah dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ti fóònù náà sápò, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe láísẹ́ǹsì mọ́.

Tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kúrò ní ọsibítù, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni, pé orí pé. Ṣùgbọ́n Nusaybah ti rí àwọn tí orí wọn pé. Ọkùnrin kan wà ní Stockwell tó ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ àgbà, ó máa bi ọ́ léèrè àlàáfíà gbogbo ilé rẹ, ìgbà tó o bá ṣí ààrò ìdáná rẹ̀ lo máa bá bàtà níbẹ̀. Ibi kéékèèké ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ḿbà ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Wọ́n á ní méje, ẹni náà á jẹ́ ẹ ní mẹ́jọ.

Ilé wọn wà lára àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ síbi tí North Peckham Estate wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó wọlé, ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán lórí àga ni, ó ń fi ọwọ́ òsì yọ ìbòrí rẹ̀.

“Mummy, ẹ kú ilé. Kí ni Adékúnlé sọ fún yín gan-an lọ́jọ́sí?”

“Adékúnlé wo? Èyí tó ń fi imú sọ̀rọ̀ yẹn?”

“Òun náà, mà.”

“Ó ní kó o tètè fi ìwé tó kù ránṣẹ́, pé ọjọ́ mẹ́jọ òní ni wọ́n máa ti fáìlì. Mo sì jẹ́ ẹ fún ẹ bẹ́ẹ̀. Ṣé kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn ni?”

Mẹ́jọ. Ó tún sọ ọ́, ojú rẹ̀ mọ́ kedere bí ẹni tó ń ka nǹkan sókè.

“Ó ti… mo ṣì ń ṣe é,” ni Nusaybah wí. Ó fi àpò náà sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. “Mummy, ẹ bá mi po tíì.”

“Ìwọ tó o ní ọwọ́ méjì?”

“Tíì yín ló wù mí.”

Ìyá rẹ̀ wò ó díẹ̀, ó dìde, ó fa ẹsẹ̀ lọ sí kíṣìnì. Nusaybah tẹ̀ lé e, ó fara ti ilẹ̀kùn. Ó mọ irú ojú tó fi ń wò ó. Ojú iṣẹ́ ni. Kì í ṣe ọwọ́ lo máa ń wò nínú ìdánwò tíì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá orí aláìsàn pé, bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ léra lo máa ń wò. Omi sínú kẹ́tù: ó tọ̀nà. Títan kẹ́tù: ó tọ̀nà. Ìyá rẹ̀ mú kọ́ọ̀bù méjì lórí àgbékọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wò wọ́n, ó wá gbé wọn sínú sinki, síbi tí àwo tí wọn kò tíì fọ̀ wà.

Nusaybah fẹ́ bá a gbé wọn kúrò níbẹ̀. Ó fà sẹ́yìn. O kì í ran ẹni tó ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́.

“Mummy,” ló wá sọ, ó gbìyànjú kí ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré, “ọjọ́ wo la wà lónìí ná?”

Ìyá rẹ̀ kò yíjú padà. Kẹ́tù bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

“Nusaybah.”

“Mà.”

“Ṣé èmi náà ti di aláìsàn Stockwell ni?”

“Rárá o, mo kàn…”

“Jímọ̀ la wà. Bi mí ní èyí tó kù. Ṣebí ẹ máa ń bi wọ́n pé ta ni Prime Minister. Ìyẹn, jọ̀ọ́ má bi mí, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀.” Ó fi ẹ̀rín sí i. Nígbà tí kò gbọ́ ẹ̀rín ẹnì kejì, ó yíjú. “Kí ló dé tó o ń wò mí báyìí?”

“Ẹ gbé kọ́ọ̀bù sínú sinki.”

“Ọwọ́ òsì mi kò tíì mọ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún dáadáa. Bí omi gbígbóná bá máa dà, ṣé kó dà sí mi lẹ́sẹ̀ ni?” Ó bu omi sínú kọ́ọ̀bù. Díẹ̀ dà síta, ó sì ṣàn lọ. “Gbé tìẹ.”

Tíì náà dára. Ṣúgà rẹ̀ ṣe déédéé. Nusaybah mu ún, kò sì mọ adùn rẹ̀. Gbogbo ìdáhùn ìyá rẹ̀ ló pé, síbẹ̀ méje ṣì ni méje, mẹ́jọ ṣì ni mẹ́jọ. Ó mọ̀ pé ẹni tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń fi àwàdà bò ó.

Ó jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó pe ibi iṣẹ́ dókítà àdúgbò wọn. Wọ́n ní kó mú ìyá náà wá ní àárọ̀ Mọ́ńdè.

Ní Sátidé, ìyá rẹ̀ wà ní pálọ̀, ó ń gbọ́ wáàsí lórí fóònù rẹ̀. Nusaybah jókòó ti tábìlì kíṣìnì, ó ń kọ ìwé sí àwọn tó ni láísẹ́ǹsì. Ìlà méjì àkọ́kọ́ rọrùn. Ìlà kẹta kọ̀, kò jáde. Ó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ: ìyá mi, tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé mọ́ láti ìgbà tó ti ní sítírókù. Ó wò ó. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́ nípa ìyá ẹlòmíràn. Ẹ̀rù tó ń bà á báyìí ti di méjì, ó sì ń jà nínú rẹ̀: pé ohun tó kọ lè jẹ́ irọ́, àti pé ó lè má jẹ́ irọ́.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

Sherifdeen ni, aládùúgbò wọn tó ń wa bọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Ìyàwó rẹ̀, Mìsítúrà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin.

“Ẹ̀yin ará ilé, àsàlámù àlékùn! Mo ní kí n wá rán an yín létí ni. Ọ̀la o! Tí Àlùfáà bá ti dé, a ò ní pẹ́ ká tó sọ ọ́ lórúkọ.”

“Sherifdeen!” ìyá Nusaybah ké láti pálọ̀. “Ṣé ọmọ ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn?”

“Mummy, ọmọ yẹn ń ké ju áńbúláǹsì lọ! Mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ kí n lọ sinmi.”

Nusaybah gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. “Bro Sherif, ọ̀la kẹ̀? Ẹ ti yá jù. Ṣebí ọjọ́ kẹjọ lẹ sọ? Sọ́ńdè lẹ bí i. Ọ̀la ló máa pé ọjọ́ méje.”

“Méje bí i ti báwo? Ọ̀la lọjọ́ kẹjọ.”

“Ẹ wò ó.” Ó na ìka sókè. “Monday, one. Tuesday, two…”

Sherifdeen bú sẹ́rìn-ín, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. “Ẹ wá wo òyìnbó Peckham! Sọ́ńdè tí wọ́n bí i ńkọ́? Ṣé ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ ni? Mìsítúrà tó rọbí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, lọ sọ fún un pé o ò ka ọjọ́ yẹn, kó o wo ohun tó máa fi sọ ẹ́!”

“Ẹ ka ọjọ́ yẹn mọ́ ọn?”

“Kí la tún fẹ́ ṣe? Sọ́ńdè, ọ̀kan. Mọ́ńdè, méjì. Ìgbà tó o bá máa dé Sọ́ńdè, mẹ́jọ. Sọ́ńdè sí Sọ́ńdè, ọjọ́ mẹ́jọ. Tí bàbá mi bá ní kí n wá lọ́jọ́ mẹ́jọ òní, tí mo wá dúró dìgbà tó o ń kà yẹn kí n tó dé, àbúrò, ilẹ̀kùn títì ni màá bá.”

Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó lọ. Nusaybah kò pa ilẹ̀kùn dé. Ó na ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ní ìṣirò. Àlàmísì, ọ̀kan. Jímọ̀, méjì. Ó kà á títí ó fi dé Àlàmísì kejì, ìka kẹjọ ló sì wà lókè.

Àlàmísì sí Àlàmísì. Seven days lẹ́nu Adékúnlé, ọjọ́ mẹ́jọ òní lẹ́nu ìyá rẹ̀, ọjọ́ kan náà ni. Ìyá rẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ náà láti inú èdè kan sínú èkejì, kò sì jẹ́ kí nǹkan kan bọ́ nínú rẹ̀. Ibi etí Nusaybah ló ti bọ́.

Ìdùnnú rọ́ lù ú débi tó fi fẹ́ sunkún. Orí pé. Orí náà pé pérépéré. Lẹ́yìn náà ló rántí tábìlì kíṣìnì, ó sì sáré padà.

Ìyá rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ó dúró ti tábìlì, ó fi ọwọ́ òsì tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀, ó ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì.

“Mo wá gbé omi mu ni,” ló wí. “Orúkọ mi ni mo rí.” Ó fi ìka kan ọ̀rọ̀ kan. “Nusaybah, kí ni impaired?”

Ó rọrùn láti túmọ̀ rẹ̀: èyí tí kò pé mọ́. Ẹnu Nusaybah kò gbà á. Ó fa àga fún ìyá rẹ̀, òun náà jókòó, ó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà: fáìlì tí wọ́n ti pa ní Àlàmísì, ìmọ̀ràn Adékúnlé, dókítà ní Mọ́ńdè, ìdánwò tíì, àti ohun tí Sherifdeen ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin.

“Láti àná lo ti rò pé mo ti ń ya wèrè?”

“Kì í ṣe wèrè, Mummy. Ẹ̀rù bà mí ni.”

“Ẹ̀rù bà ẹ́, o wá ní kí n po tíì.” Ó mi orí. “Seven days, ọjọ́ mẹ́jọ òní. Kí ni mi ò bá tún sọ? Ṣé kí n wá sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ tí mo bí ni?”

“Ẹ má bínú, mà.”

Ìyá rẹ̀ tún wo ìwé náà. Ó wá tì í sọ́dọ̀ Nusaybah.

“Parí ẹ̀.”

“Kí ni?”

“Kọ ọ́ tán. Ká lọ bá dókítà ní Mọ́ńdè. Tó bá bi mí pé ọjọ́ wo la wà, màá ní Láàdì. Màá gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sínú sinki.” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde tán. “Ta ló mọ̀ mí ní Ìlú Alágbàdo? Kí wọ́n pè mí ní ohun tó bá wù wọ́n. Ṣáà lọ. Mi ò fẹ́ kó o jókòó tì mí.”

Nusaybah wo ìwé náà. Ìlà kan péré ló kù. Kò jìnnà rárá, ojú ọ̀nà yẹn, àgbàdo yẹn, bàbá arúgbó tó ń retí rẹ̀. Dókítà lè fọwọ́ sí i láàárín ìgbà tí tíì fi máa tutù.

Ṣùgbọ́n ó mọ bí fáìlì ṣe ń rìn. Ìwé dókítà kì í parí sí Ìlú Alágbàdo. Inú fáìlì ìyá rẹ̀ níhìn-ín ni yóò wà. Ẹni tó bá wá láti káńsù ìjọba ìbílẹ̀ á kà á kó tó jókòó. Wọn kò tún ní bá Hàlímọ̀tù sọ̀rọ̀ mọ́, orí rẹ̀ ni wọ́n á máa gbójú kọjá láti bi ọmọ rẹ̀ pé ṣé ó ti jẹun, ṣé ó sùn. Iléèwé tí ìyá rẹ̀ ti ń bu oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ, tó ń retí àtipadà sí nígbà tí ọwọ́ bá le díẹ̀ sí i, kò ní jẹ́ kó sún mọ́ ìkòkò wọn láé. Láísẹ́ǹsì náà ńkọ́? Lójú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n máa ń ní kó o fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó o kọ. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ tún un gbà ni wọ́n á tún bi í, òun náà á sì tún fọwọ́ sí i.

Ní ìdàkejì, tí kò bá kọ ọ́, iṣẹ́ náà ti lọ nìyẹn. Láísẹ́ǹsì àtijọ́ lè kú kí tuntun tó jáde. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ó wò ó bóyá ìbẹ̀rù náà á lọ tí òun bá ti mọ ohun tí òun máa ṣe. Kò lọ.

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fà á ya.

“Nusaybah!”

“Mummy, mi ò ní kọ ọ́,” ló wí. “Orí yín pé, ẹ sì jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ, èmi ni mo ṣì í gbọ́. Ohun tí màá sọ fún Adékúnlé nìyẹn. Ní Mọ́ńdè, màá bẹ̀rẹ̀ láísẹ́ǹsì náà látojú ìwé àkọ́kọ́. Tó bá sì jáde, màá lọ. Mi ò ní torí yín dúró, mi ò sì ní fi yín parọ́ kí n tó lọ.”